Dígí Láàárín Omi

Ata ló jí mi. Ooru ẹ̀rọ ti gbé òórùn rodo wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì tí mo sùn sí, mo sì sín lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra wọn kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tí mo máa fi nu ojú tán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti wà lójú ẹ̀rọ mi: ÌṢÍRÒ TI RỌLẸ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, tó ní iṣẹ́ mi ti parí. Ó yẹ kí n dìde jó, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ní kí n máa jó lọ ná, òun ń bọ̀.

"Ṣé ó rọlẹ̀?" Mákànjúọlá ló béèrè láti abẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló máa ń sùn. Ó ní ooru a máa ròkè, ata a sì máa tẹ̀lé e. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti ọdún kìíní, ìyẹn nìkan ló tíì wúlò fún un.

"Ó rọlẹ̀."

"Ìyùnadé, o ti kúrò lẹ́gbẹ́ wa. Bá mi kí àwọn tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ilẹ̀kùn ṣí, Màmá Ṣàráfà wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ aláta. Ọgọ́ta ẹ̀rọ ló wà nínú gbọ̀ngàn wa, pẹpẹ onírin sì wà lórí wọn bí àjà, ata ẹgbẹ́ ló sì kún orí pẹpẹ. Àkọlé ìjọba wà lókè ilẹ̀kùn: OORU KAN KÒ GBỌDỌ̀ LỌ LÁSÁN. Láti ìgbà tí gbogbo ayé ti gbóná tó báyìí, ẹ̀rọ tí kò bá ní ohun tútù tó ń gbẹ lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí.

Màmá mú rodo kan, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́kẹ́. Irin tó ń mọ ohun tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ, tí à ń pè ní ahọ́n, sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé, ó tọ́ ata wò níbí, ó tọ́ ọ wò lọ́hùn-ún, ó sì padà sókè. Bí àwọn ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

"Ata mi ti gbẹ," Màmá ní. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ máa palẹ̀ mọ́."

Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ìṣírò rẹ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kó parí nígbà tí ata gbẹ mọ́ ọn lórí. Ó ti di awakọ̀ ojú omi báyìí. Kì í sì í jẹ ata mọ́.

"Tèmi ti tán, Màmá," mo ní. "Ẹ ṣeun."

Wọ́n wò mí dáadáa. "Ìwọ lo ń ṣírò òpó ilé ìgbẹ̀bí tuntun?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣàráfà mi wà lára àwọn tó máa kó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Oṣù kẹjọ rẹ̀ rèé. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tètè tẹ̀ka. Òjò ń lé aláboyún kiri yàrá nínú èyí tí wọ́n wà."

Mo ní kò sí ìyọnu, aago mẹ́rin òní ni wọ́n máa ti àpótí ìtẹ̀ka. Tí mo bá tẹ àtàǹpàkò mi sí ìṣírò náà, mo di onímọ̀-ẹ̀rọ. Òfin Akọ́kọ́gbé á sì mú mi lójú ẹsẹ̀: ẹni tó bá ṣírò ilé gbọ́dọ̀ bá àwọn onílé gbé e ní àsìkò òjò àkọ́kọ́. Tí mi ò bá tẹ̀ka, orúkọ mi á jábọ́ nínú ìwé yunifásítì. Ọdún keje mi rèé nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún. Wọn kì í gba ẹnikẹ́ni sí ọdún kẹjọ.

"Ìwọ tí o kò tíì lọ́kọ," Mákàn ní bí ó ṣe ń rá jáde lábẹ́ tábìlì, "o máa bá aláboyún méjìlá gbé. Ó ku kí ìwọ náà máa bì láàárọ̀."

Mo jáde lọ bọ́jú.

Ìlú Orí-Òpó kò ní ilẹ̀, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí omi la wà, àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ẹ̀rọ sì wọ inú ọ̀sà lọ ni. Òpó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà tí wọ́n máa ń so ọkọ̀ mọ́. Màmá Ṣàráfà ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti da àwọn ìdí ata tó já bọ́ sínú omi, omi sì ń gbé e lọ. Mo bu omi sójú. Mo tún bù ú. Lẹ́yìn náà mo kàn tẹjú mọ́ ìdí ata yẹn, nítorí pé ara mi kò lókun láti wo nǹkan mìíràn.

Ìdí ata dé ibi òpó, ó pín sí méjì. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òpó, omi ká a sí ọ̀tún, ó yí po bí ẹni ń ká ìrù. Kò pẹ́, ó ká òmíràn sí òsì. Ó padà sí ọ̀tún. Ó tún lọ sí òsì. Bí omi ṣe ń jù sí ìhín ni òpó ń gbọ̀n díẹ̀ sí ọ̀hún. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́.

Omi tó wà nínú ìṣírò mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni tèmi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, lọ́tùn-ún lósì, bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó tò sórí ìlà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Omi wọ inú bàtà mi, mo sì jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

"Mákàn," mo pè é. "Wá wo nǹkan."

Ó wá, ó wò ó. "Ìdí ata ni."

"Wo bó ṣe ń ju ìrù."

Ó wò ó pẹ́. Mo rí i nígbà tó yé e, nítorí ó dẹ́kun ẹ̀rín. "O fi dígí sí tìẹ."

"Ta ni kì í fi dígí sí i?"

Kò sẹ́ni tó ń gboyè ní ẹ̀ka wa láìfi dígí gbà á. Iṣẹ́ wa ni kí a da àwọ̀n bo omi, àwọ̀n tí kò ṣeé fojú rí, kí a sì bi ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan léèrè pé omi mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, ibo ló forí lé. Ojú àwọ̀n mílíọ̀nù méjìdínlógún. Ata ibo ló máa pẹ́ lórí iná tó bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, bí ohun kan bá ti rí bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì, a ó là á sí méjì, a ó ṣírò ọ̀tún nìkan, a ó sì fi dígí sí ojú ibi tí a là. Ẹ̀rọ á wo dígí, á rí ọ̀tún níbẹ̀, á gbà pé òsì ni. Iṣẹ́ ọjọ́ méjìdínlógún á di mẹ́sàn-án.

Òpó rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Òótọ́ ni. Omi ni kò rí bẹ́ẹ̀. Omi fẹ́ kọjá láti ọ̀tún bọ́ sí òsì lẹ́yìn òpó kó lè ju ìrù, mo sì ti fi dígí dí i lọ́nà. Ó dé ibẹ̀, ó rí ara rẹ̀, ó sì rọra bá tirẹ̀ lọ.

"Gbogbo ilé tó wà ní Orí-Òpó, dígí ló wà lábẹ́ wọn," Mákàn ní. "Ṣé wọ́n wó?"

Mo dìde pẹ̀lú bàtà tútù mi, mo lọ sí ọ́fíìsì Dókítà Ṣówándé.

Àwọn ló ń bójú tó iṣẹ́ mi. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ kan, ìwé wà lọ́wọ́ kejì, wọ́n sì ń ka ìwé bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀wọ̀n. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé ìdí ata, mo ṣàlàyé dígí. Mo ti múra pé wọ́n máa bú mi.

"Ta ló kọ́ ẹ ní dígí?" wọ́n béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló kọ́ mi?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Òṣì ni. Nígbà tiwa, ẹ̀rọ mẹ́jọ ló wà, ilá la sì fi ń tàn wọ́n. Ilá máa ń yára gbẹ." Wọ́n gé búrẹ́dì jẹ. "Ilé tí mo tẹ̀ka fún ń mì láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá. Mo fi okùn so ara mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó tí mò ń fẹ́ nígbà náà wá kí mi lẹ́ẹ̀kan, ó bì sára mi, kò sì padà wá mọ́."

"Ṣé ó wó, sà?"

"Ìyùnadé, ṣé òkú ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọkàn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. "Ó mì, kò wó. Lọ tẹ̀ka. Òpó mẹ́rin tó nípọn bíi tèmi kì í tètè ṣe nǹkan kan."

"Tèmi mẹ́fà ni, sà. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́."

Wọ́n dẹ́kun jíjẹ. "Ta ló ní kí o sọ wọ́n di tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Ìṣírò ni, sà. Ó ní omi kò tì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n yà tẹ́lẹ̀ ti nípọn jù."

Wọ́n gbé búrẹ́dì sórí ìwé. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi ọwọ́ pa ojú fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Ohun tí o rí lójú omi kì í ṣe ìṣírò," wọ́n wí níkẹyìn. "Àpótí kò ní gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé ìjù ìrù yẹn kò tó nǹkan lára òpó tìẹ. Ó sì lè jẹ́ pé òun ni yóò ṣẹ́ wọn. Bó o bá fẹ́ mọ̀, ṣí dígí kúrò kí o ṣe odindi."

"Ata ti gbẹ, sà. Ọjọ́ méjìdínlógún ni."

"Lórí ẹ̀rọ kan. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá ṣí pọ̀, tí o sì fi èyí tó ti rọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí o sì mú òpó kan péré dípò mẹ́fà, wákàtí mélòó kan ni. Wá ohun tútù."

Mo sáré bá Màmá Ṣàráfà lórí afárá. Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n bá mi rẹ ata wọn sómi padà.

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tútù mi. "Ata tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án sá? Ọmọ, ìwé ti wọ ẹ lára jù. Lọ sùn."

Mákàn ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè láti fi nu òógùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ìyùn," ó ní. "Aṣọ."

Ẹ wò ó, mo ti ka ìwé láàárín ìyàn, mo ti sùn lábẹ́ rodo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó tíì rẹ̀ mí tó òwúrọ̀ yẹn. A lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, a kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, a ní a fẹ́ fọ aṣọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé a ti wọ ẹgbẹ́ ìsìn kan. Nígbà tó yé wọn pé kò sí ìwàásù nínú rẹ̀, wọ́n gbé aṣọ jáde tí ẹnìkan kò gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè ìtàn rẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ fèrèsé wá, wọ́n gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ogún ìbọ̀sẹ̀ wá tó lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú. Láti aago mẹ́jọ títí di méjìlá, èmi fọ̀, Mákàn ṣan án, ọṣẹ jẹ ìka mi títí mi ò fi mọ èwo ni àtàǹpàkò tí mo fẹ́ fi tẹ̀ka.

A gbé gbogbo rẹ̀ tútù sórí pẹpẹ. Ahọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó tọ́ aṣọ fèrèsé wò. Ó tọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì wò. Ó dé orí ìbọ̀sẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì dúró síbẹ̀ láìmira, tó fi jẹ́ pé Mákàn ní ó ti kú. Lẹ́yìn náà ni iná ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí gbogbo ọgọ́ta fi ń kùn pọ̀. Ooru gbá wa lójú. Mo ṣí dígí kúrò, mo so òsì mọ́ ọ̀tún, mo ní kí omi máa lọ síbi tó bá wù ú.

Ní aago méjì, Màmá Ṣàráfà wọlé wá gbé apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbàgbé. Wọ́n gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí. Ṣé ẹ fọ pẹpẹ mi kí ẹ tó sá pátá àwọn ènìyàn lé e?"

Èmi àti Mákàn wo ara wa.

"A ò fọ̀ ọ́, mà."

"Rodo ọjọ́ mẹ́sàn-án ló wà lójú irin yẹn." Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n jókòó sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, Mákàn sì ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń wá ìlú mìíràn tó máa gbé. Nígbà tí ẹ̀rín lọ, wọ́n béèrè ohun tó kó wa sínú èyí. Mo sọ fún wọn. Ẹ̀rín kò padà wá mọ́. Wọ́n dúró tì wá títí ó fi parí.

Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, àwòrán jáde. Omi lù mọ́ òpó, ó pín, ó sì ju ìrù: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Mo ka iye rẹ̀. Ní ìwọ̀n eré tí ọ̀sà lè sá ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tèmi, bí a bá tì í, ẹ̀ẹ̀kan ló ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ẹni tó bá ti ti ọmọ lórí jangirọ́fà rí mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí o bá ń tì í ní àsìkò tó yẹ gan-an, ọwọ́ kékeré ló ń gbé e dókè.

"Kí ló wí?" Màmá Ṣàráfà béèrè.

"Ó ní á máa mì, mímì náà á máa pọ̀ sí i, títí yóò fi ṣẹ́."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Bí omi bá ti sáré dé ìwọ̀n yẹn, mà."

"Ó lè má sá dé ibẹ̀ lọ́dún yìí."

"Ó lè má sá dé ibẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wọn. "Ilé tó ń jò ni ọmọ mi wà," wọ́n ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Bí o bá máa sọ pé kó dúró síbẹ̀, ìwọ ni kí o lọ sọ fún un. Èmi ò lè bá ẹ jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn." Wọ́n jáde.

Mákàn bá mi rìn lọ síbi àpótí, kò sì fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún méje.

Àpótí ìtẹ̀ka wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé ìlú. Ojú méjì ló ní: GBÀ, KÒ GBÀ. Ojú GBÀ ti dán, ìka ọ̀pọ̀ ọdún ti fá àwọ̀ rẹ̀ dànù. Ti KÒ GBÀ ṣì ní ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé-iṣẹ́. Mo fi èékánná bó ọ̀rá náà. Mo ro ti ìyá mi, tó ti ra aṣọ tó máa wọ̀ wá síbi ìgboyè mi lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ti wọ méjèèjì lọ síbi ìsìnkú. Mo tẹ KÒ GBÀ ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Àpótí ka ìṣírò mi láti orí ẹ̀rọ. Ó wá ní: "Ìyùnadé, ìṣírò odindi. A yẹ̀ ẹ́ wò, ó tọ́. Ilé náà kò gbọdọ̀ gba ènìyàn. Orúkọ rẹ kò jábọ́. O ti di onímọ̀-ẹ̀rọ."

Mákàn gbá mi mọ́ra. Ẹsẹ̀ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìtẹ̀ka ni ìtẹ̀ka, ohunkóhun tí ènìyàn ìbáà tẹ̀. A ò mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó tẹ èkejì rí. Ọdún méje, mo sì gboyè pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn fún ọṣẹ.

"Lábẹ́ Òfin Akọ́kọ́gbé," àpótí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ẹni tó bá ní kí àwọn onílé má kó lọ, ibi tí wọn kò ti kúrò ni yóò ti bá wọn gbé. Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́fà. Ó bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Mákàn tú mi sílẹ̀. Láti ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, a gbọ́ igbe ẹnìkan tó ti lọ mú aṣọ rẹ̀ lórí pẹpẹ, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́.

"Mo máa bá ẹ gbé ẹrù ẹ wá," ó ní. "Bí mo bá wà láàyè."

Ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́ jẹ́ yàrá gígùn kan tó dúró lórí àwọn òpó ayé àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn bí ẹsẹ̀ erin. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Omi ń kán láti ibi márùn-ún tí mo lè kà. Àwọn aláboyún mọ́kànlá yí ojú sí mi, lẹ́yìn náà wọ́n yí i kúrò. Ìròyìn ti dé kí n tó dé. Ìkejìlá wọn jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú, ẹrù rẹ̀ tó ti dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jọ ìyá rẹ̀ nídìí imú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," mo ní. "Èmi ni..."

"Mo mọ̀ ẹ́. Ọmọ yunifásítì tó ní ká má lọ." Ṣàráfà kò gbé ohùn sókè. "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti di ẹrù yìí."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú."

"Mo ń bínú."

Mo dúró síbẹ̀. Omi kán sí mi lórí, mi ò sì kúrò nídìí rẹ̀.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ó béèrè.

Mo fẹ́ sọ ti àwọ̀n fún un, ti ojú mílíọ̀nù méjìdínlógún, ti òpó kan tí mo fi dípò mẹ́fà. Mo sọ èyí tó kúrú.

"Ó dá mi lójú pé yóò mì dé ibi tí ó lè ṣẹ́. Ọdún tí yóò ṣẹ́ ni kò dá mi lójú."

"Bí òjò bá wá lọ tán láìjẹ́ pé omi sáré tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo ti mú yín sùn síbi tó ń jò, ilé tuntun sì ṣófo lásán."

Òjò le sí i lórí páànù, obìnrin kan dìde ní ìkángun yàrá, ó gbé ẹní rẹ̀ kúrò níbi tí omi ń kán sí, ó pòṣé. Ṣàráfà ti ẹrù rẹ̀ lọ sí ìdí ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn, ó rọra dùbúlẹ̀.

"Bọ́ bàtà ẹ," ó ní. "Ó ti rin. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ní kí n máa fi sùn, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa mí sí mi lójú."

Mo bọ́ bàtà. Mo sún mọ́ ògiri, mo gbé ẹ̀yìn lé e. Ó rin gbingbin, ó tutù wọ inú egungun mi. Kò mì.